Bí A Ṣe Ń Tún Katakata Ọgbà Ṣe Kí Ó Lè Gbé Pelódà

Ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ éékà kan tàbí méjì lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé iṣẹ́ bárò kì í tán. Iyẹ̀pẹ̀ wà láti kó, òkúta wẹ́wẹ́ wà láti dà sí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé, bí ó bá sì jẹ́ ìhà àríwá ni, yìnyín wà láti kó kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí a tó lè jáde lọ síbi iṣẹ́. Katakata tuntun tí ó ti ní pelódà láti ilé iṣẹ́ wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n katakata ọgbà àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ṣe láti máa gé koríko àti láti máa túlẹ̀ ọgbà, ṣì pọ̀ lọ́jà àlòkù. Ó ṣeé ṣe láti fi pelódà sí iwájú irú katakata bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni ohun tí ó yẹ kí a tún ṣe lára katakata náà fúnra rẹ̀ kí pelódà tó dé ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: wọn a ra pọ́ǹpù ńlá, wọn a jó apá irin tí ó nípọn, wọn a sì wá gbé gbogbo rẹ̀ lé ẹsẹ̀ iwájú tí kò lè gbà á.

Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ ń wá síni lẹ́nu ni bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára tó. Ẹ́ńjìnnì ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn nínú ohun tí a ó rò. Ẹsẹ̀ iwájú àti ẹrù ẹ̀yìn ni kí a fi ṣáájú, ìdí rẹ̀ yóò sì hàn nígbà tí a bá ṣe ìṣirò ìwọ̀n.

Katakata tí ó yẹ fún iṣẹ́ yìí

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ní ìjókòó àti táyà mẹ́rin ni katakata ọgbà. Èyí tí wọ́n ń tà fún gígé koríko nìkan máa ń ní férémù tí wọ́n tẹ̀ láti ara páànù irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àpótí gíà rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Àpótí gíà Tuff Torq K46, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, jẹ́ àpẹẹrẹ: ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é fún iṣẹ́ tí ń bá ilẹ̀ jà. Bí a bá gbé pelódà lé e, ọ́ìlì inú rẹ̀ yóò gbóná, yóò ṣàn jù, katakata kò sì ní lè gun òkè mọ́ bí ó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀. Kí a fi irú ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ fún koríko rẹ̀.

John Deere 318, tí wọ́n ṣe láti 1983 títí di 1992, ni n óò máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Férémù rẹ̀ gbópọn, ẹ́ńjìnnì Onan oní-sìlíńdà méjì tí ó wà nínú rẹ̀ ní agbára ẹṣin 18, sítíárìn rẹ̀ ń lo haidrọ́líìkì, ìyẹn agbára ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì, gíà rẹ̀ sì jẹ́ hydrostatic, èyí tí ń jẹ́ kí a lọ síwájú kí a sì padà sẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá kan ṣoṣo, láìtẹ kílọ́ọ̀ṣì. Ohun tí mo sọ kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ti lè dà lọ, nítorí iṣẹ́ pelódà kò ju lílọ síwájú àti pípadà sẹ́yìn lọ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àwọn katakata Case, tí orúkọ wọn di Ingersoll lẹ́yìn náà, dára fún iṣẹ́ yìí pẹ̀lú, nítorí ọ́ìlì haidrọ́líìkì ni ó ń yí táyà wọn, pọ́ǹpù tí ó lágbára sì ti wà nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Cub Cadet tí International Harvester bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1961 ní férémù tí ó le bí irin ilé, àmọ́ àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ń lo gíà tí a ń fọwọ́ pààrọ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi wọ́n gbé pelódà yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì títí ẹsẹ̀ yóò fi máa ro ó.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ fi jáàkì gbé iwájú katakata náà sókè, kí ẹ sì mi táyà iwájú kọ̀ọ̀kan síwá sẹ́yìn, sókè sílẹ̀, láti mọ ibi tí ó ti jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ wà á títí yóò fi gbóná dáadáa, kí ẹ sì fi gun òkè. Gíà hydrostatic tí ó ti rẹ̀ máa ń ṣe dáadáa ní tútù, gbígbóná ni ó ń tú àṣírí rẹ̀.

Ìwọ̀n, kí a tó fọwọ́ kan irin

Ẹ jẹ́ kí a mú katakata kan tí ó wọn 400 kílò, tí 160 wà lórí ẹsẹ̀ iwájú, tí 240 sì wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Láti ẹsẹ̀ iwájú dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́ 120 sẹ̀ńtímítà. Ẹni tí ó ń wà á wọn 85 kílò, ó sì jókòó súnmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, nítorí náà a ó ka gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀yìn, yóò di 325. Pelódà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú apá, garawa àti férémù rẹ̀, wọn 110 kílò, a ó sì kà á pé orí ẹsẹ̀ iwájú ni ìwọ̀n yẹn bọ́ sí, yóò di 270. A kò tíì bu ohunkóhun, ẹsẹ̀ iwájú sì ti ń gbé ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ ohun tí ó ń gbé tẹ́lẹ̀ lọ.

Wàyí o, a bu iyẹ̀pẹ̀ 150 kílò, àárín ẹrù náà sì wà ní 75 sẹ̀ńtímítà níwájú ẹsẹ̀ iwájú. Kì í ṣe 150 yẹn nìkan ni ẹsẹ̀ iwájú yóò gbé. Nítorí pé ẹrù náà yọ síwájú, ó ń fa ẹ̀yìn katakata sókè, ohun tí ó bá sì kúrò lẹ́yìn, iwájú ni yóò bọ́ sí. Bí a ṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀ ni pé a ó fi 120 pín 75, a ó sì fi èsì rẹ̀ sọ 150 di púpọ̀, yóò fún wa ní nǹkan bí 94. Ẹ̀yìn ti dín ní 94, iwájú ti fi 150 àti 94 pọ̀ sí i, ìyẹn 244. Ẹsẹ̀ iwájú wá ń gbé 514 kílò, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń gbé 231. Ẹni tí ó bá ti rí ọlọ́kadà tí ó di àpò iṣu sẹ́yìn títí táyà iwájú rẹ̀ fi ń fò fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ lórí títì ti rí ohun kan náà láti òdìkejì.

514 kílò lórí ẹsẹ̀ tí ó ń gbé 160! Iye yẹn sì jẹ́ ti ìgbà tí katakata dúró jẹ́ẹ́. Bí táyà bá já sí kòtò nígbà tí garawa kún, ẹrù tí ó ń bà lé ẹsẹ̀ náà ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn lè pọ̀ ju èyí lọ dáadáa. Ẹ fi ìwọ̀n katakata tiyín ṣe irú ìṣirò yìí. Ibi tí wọ́n ti ń ra irin àlòkù sábà máa ń ní òṣùwọ̀n tí ọkọ̀ ń gùn. Ẹ gbé táyà iwájú nìkan lé e, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tún gbé ti ẹ̀yìn nìkan lé e.

Ẹrù ẹ̀yìn

Ẹnìkan lè wo 231 kílò tí ó kù lẹ́yìn, kí ó sì rò pé kò burú. Àmọ́ lórí katakata yìí, táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, òun nìkan náà ni bíréèkì ń mú. Bí ó bá fúyẹ́, yóò máa yọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ ti garawa wọ inú òkìtì iyẹ̀pẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí garawa kún níwájú, tí ẹ̀yìn sì fò díẹ̀, kò sí bíréèkì mọ́ rárá.

Ohun kejì kò hàn sí ojú. Ọ̀pá ẹsẹ̀ iwájú, ìyẹn irin ìbú tí táyà iwájú méjèèjì so mọ́, rọ̀ mọ́ katakata ní ojú kan ṣoṣo, ní àárín, kí ó lè máa tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì lórí ilẹ̀ págunpàgun. Nítorí náà orí ojú mẹ́ta ni katakata dúró lé: táyà ẹ̀yìn méjèèjì àti píìnì àárín yẹn. Bí ẹrù bá ti ń lọ síwájú, tí a sì ń gbé e sókè, bẹ́ẹ̀ ni ìdúró rẹ̀ ń di ti orí píìnì kan, títí kòtò kékeré lábẹ́ táyà ẹ̀yìn kan yóò fi lè dojú rẹ̀ dé. Táyà iwájú tí ó gbòòrò kò lè gbà á sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹrù tí ó wà lẹ́yìn nìkan ni ó lè gbà á.

Ibi mẹ́ta ni ènìyàn máa ń fi ẹrù yìí sí, iṣẹ́ wọn kò sì dọ́gba. Àkọ́kọ́ ni omi inú táyà. Táyà ẹ̀yìn tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 23x10.50-12 lè gba nǹkan bí 30 líítà. Ní ibi tí òtútù ti ń mú omi dì, omi tí a fi ń fọ gíláàsì ọkọ̀, èyí tí kì í tètè dì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rọ sí i; omi iyọ̀ calcium chloride wúwo jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá jò, yóò jẹ rímù run. Èkejì ni irin ìwọ̀n tí a ń dè mọ́ rímù ẹ̀yìn. Ẹ̀kẹta ni àpótí tàbí òkúta kọ́ńkéré tí ó yọ sẹ́yìn kọjá táyà ẹ̀yìn.

Omi táyà àti irin rímù ń fi agbára kún táyà ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọn kò bu nǹkan kan kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú. Ẹ padà sí àpẹẹrẹ wa. Bí a bá fi 150 kílò sí rímù ẹ̀yìn, ẹ̀yìn yóò di 381, iwájú yóò wà ní 514 rẹ̀ síbẹ̀. Bí a bá gbé 150 kílò kan náà kọ́ sí 60 sẹ̀ńtímítà lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ̀yìn yóò di 456, iwájú yóò sì sọ̀kalẹ̀ sí 439. Irin kan náà ni, ibi tí a gbé e sí ni ó yí ohun gbogbo padà. Èyí ni ìdí tí mo fi fẹ́ràn àpótí ẹ̀yìn ju gbogbo ohun mìíràn lọ, tí mo sì ka omi táyà sí àfikún lásán.

Ọ̀nà tí kò wọ́n ni kí a fi pákó kan àpótí tí ó gùn, tí ó fẹ̀, tí ó sì ga ní 40 sẹ̀ńtímítà, kí a da kọ́ńkéré sí i. Yóò wọn nǹkan bí 150 kílò. Kí kọ́ńkéré náà tó dì, ẹ ri irin tí a ó fi kọ́ ọ sínú rẹ̀, kí irin náà gba inú rẹ̀ já, kì í ṣe kí ó kàn wọlé díẹ̀. Bí katakata yín bá ní irin ìkọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní 3-point hitch lẹ́yìn, ẹ lè kọ́ ọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ férémù kí ó má ṣe sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá yọ pelódà kúrò, ẹ yọ ẹrù ẹ̀yìn náà kúrò lọ́jọ́ kan náà, nítorí láìsí pelódà, 85 kílò péré ni yóò kù lórí ẹsẹ̀ iwájú nínú àpẹẹrẹ wa, katakata bẹ́ẹ̀ sì lè gbé imú sókè kí ó dojú dé sẹ́yìn bí ó bá ń gun òkè.

Ẹsẹ̀ iwájú

Pẹ̀lú ẹrù ẹ̀yìn tí a fi sí i, ẹsẹ̀ iwájú ṣì ń gbé 439 kílò, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Ọ̀pá kúkúrú tí táyà iwájú ń yí lé lórí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ katakata ọgbà, ìbú rẹ̀ jẹ́ 3/4 ínǹṣì. Bí a bá pààrọ̀ rẹ̀ sí ínǹṣì 1, kì í ṣe ìdá mẹ́ta nìkan ni agbára rẹ̀ fi pọ̀ sí i, bí ojú ṣe lè rí i. Agbára tí ọ̀pá yípo fi ń kọ títẹ̀ ń tẹ̀lé ìbú rẹ̀ tí a sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí náà ọ̀pá ínǹṣì 1 lágbára tó ọ̀pá 3/4 ínǹṣì ní ìlọ́po 2.37. Owó díẹ̀ ni ìyàtọ̀ àárín irin méjèèjì lọ́wọ́ ẹni tí ń ta irin. Kí a wá ẹni tí ó mọ irin í jó dáadáa kí ó jó ọ̀pá tuntun náà mọ́ ọ̀pá òró tí ń yí nínú ọ̀pá ẹsẹ̀, kí ó sì fi irin onígun mẹ́ta kékeré ti ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Bí ojú ìjó náà bá ya nígbà tí garawa wà lókè, katakata yóò wólẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lójijì.

Rímù iwájú àwọn katakata àtijọ́ kan ń yí lórí búṣì lásán. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi bẹ́ríìnì oníbọ́ọ̀lù tí a dì lẹ́nu rọ́pò rẹ̀. Ẹ tún fi bẹ́ríìnì pẹlẹbẹ sí ibi tí ọ̀pá òró náà ti ń ru ọ̀pá ẹsẹ̀, níbi tí ó jẹ́ pé wọ́ṣà irin lásán ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun kékeré yìí ń mú sítíárìn fúyẹ́ débi pé ẹni tí kò ní sítíárìn haidrọ́líìkì yóò mọ̀ ọ́n lára ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Píìnì àárín, tí gbogbo ẹrù iwájú ń gba orí rẹ̀ kọjá, nílò kí a yọ ọ́ kí a sì wò ó. Bí ihò rẹ̀ bá ti di ẹyin dípò kí ó yípo, kí a gbẹ́ ẹ fẹ̀, kí a ti búṣì idẹ bọ̀ ọ́, kí a ṣe píìnì tuntun tí ó bá a mu, kí a sì lu ihò tí a ó máa gba fún gíríìsì sí i. Ọ̀pá ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ lè jẹ́ irin dídà. Irin dídà kì í gba jíjó bí irin lásán, ó máa ń sán nígbà tí ó bá ń tutù, nítorí náà bí ó bá ti là, ẹ má ṣe jó o pọ̀. Ẹ fi páìpù irin onígun mẹ́rin tí ara rẹ̀ nípọn tó 1/4 ínǹṣì ṣe òmíràn, kí ẹ sì tẹ̀lé ìwọ̀n ti àtijọ́ láìyẹ̀, pàápàá bí ọ̀pá òró ṣe tẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, nítorí títẹ̀ yẹn ni ó ń jẹ́ kí táyà máa padà sí ọ̀nà tààrà fúnra rẹ̀.

Ní ti táyà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Táyà 16x6.50-8 tí ó ní ìpele 2, ohun tí wọ́n ń kọ sí i gẹ́gẹ́ bí ply, wà fún koríko. Ẹ wá èyí tí ó ní 4 tàbí 6, kí ẹ sì fẹ́ ẹ dé ibi tí wọ́n kọ sí i. Àwọn kan máa ń yí rímù sódì kí ẹsẹ̀ iwájú lè gbòòrò. Mo lòdì sí i pátápátá, nítorí ó ń gbé táyà jìnnà sí ìdí ọ̀pá rẹ̀, ó sì ń fi kún agbára tí ó fẹ́ tẹ ọ̀pá náà, bẹ́ẹ̀ ni a ti rí i pé ìgbòòrò iwájú kì í dá katakata tí ó rọ̀ mọ́ píìnì kan dúró.

Férémù kejì

Ẹ má ṣe de pelódà mọ́ iwájú férémù katakata nìkan. Ó yẹ kí pelódà ní férémù tirẹ̀, tí yóò gùn láti iwájú ẹ́ńjìnnì dé ọ̀pá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní apá méjèèjì, kí agbára tí garawa ń fi ti nǹkan lè gba inú rẹ̀ lọ sí táyà ẹ̀yìn láìkọjá lára irin katakata. Páìpù onígun mẹ́rin ti ínǹṣì 2 sí 3, tí ara rẹ̀ nípọn tó 3/16 sí 1/4 ínǹṣì, tó fún iṣẹ́ yìí. Ní ẹ̀yìn, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni àpótí gíà: òmíràn jẹ́ alumíníọ́mù, bí a bá sì dè é mọ́ ọn, yóò là. Ẹ fi irin dì mọ́ páìpù ọ̀pá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, súnmọ́ táyà bí ó ti lè ṣeé ṣe tó.

Òpó méjèèjì tí apá pelódà ń rọ̀ mọ́ kò gbọdọ̀ dí ibi tí ènìyàn ń gbà gun katakata, kò sì gbọdọ̀ dí ibi tí a ó máa gbà yẹ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wò. Ẹ fi irin ìbú kan so òpó méjèèjì pọ̀ lábẹ́ tàbí níwájú kí apá kan má ṣe yí ju èkejì lọ. Bóòtù tí ó le, irú èyí tí wọ́n fi ìlà mẹ́fà sàmì sí lórí, ni kí a fi de férémù náà, kí a má ṣe jó o mọ́ katakata, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó fẹ́ yọ ẹ́ńjìnnì. Bí irin jíjó kankan bá sì máa wáyé lára katakata, kí a kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì.

Haidrọ́líìkì

Níhìn-ín ni owó ti máa ń ṣòfò jù. Sìlíńdà tí ihò inú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 1.5 ní ojú tí ó tó 11.4 sẹ̀ńtímítà onígun mẹ́rin. Bí ìfúnpá ọ́ìlì bá jẹ́ 1,000 psi, tí ó tó 70 kílò lórí sẹ̀ńtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, sìlíńdà kan yóò fi agbára nǹkan bí 800 kílò ti nǹkan, méjì yóò fi 1,600 tì í. Sìlíńdà máa ń ti apá pelódà ní ibi tí ó súnmọ́ òpó, garawa sì wà ní òpin apá náà lọ́hùn-ún, nítorí náà ìdá mẹ́fà agbára yẹn ni ó lè dé ọ̀dọ̀ garawa: nǹkan bí 265 kílò, tí a ó sì yọ ìwọ̀n apá àti garawa kúrò nínú rẹ̀. Ó tó fún 150 kílò wa. Bí ẹnìkan bá ra sìlíńdà ínǹṣì 2.5 dípò rẹ̀, agbára náà yóò di ìlọ́po 2.78. Kí ni yóò fi gbé? Ẹ̀yìn katakata rẹ̀ ni.

Sìlíńdà méjèèjì yẹn, bí wọ́n bá ń nà jáde ní 40 sẹ̀ńtímítà, kò ní gbà ju nǹkan bí líítà kan ọ́ìlì lọ. Pọ́ǹpù tí ń fúnni ní líítà 8 ní ìṣẹ́jú kan yóò gbé garawa dé òkè láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 7, kò sì ní gbà tó agbára ẹṣin 2 lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a fi ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀yìn. Garawa tí ń yára gòkè kì í ṣe ohun tí a ń fẹ́ lórí katakata kékeré.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà rí ọ́ìlì. Katakata bíi 318 ti ní haidrọ́líìkì tirẹ̀, a sì lè gba ọ́ìlì lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ìlì inú àpótí gíà ni ọ́ìlì náà, ìdọ̀tí tí ó bá sì tara sìlíńdà àti hóòsì wọlé yóò bá a lọ sínú gíà tí àtúnṣe rẹ̀ wọ́n. Bí ẹ bá yan ọ̀nà yìí, fáàfù tí ẹ ó fi sí i gbọ́dọ̀ jẹ́ ti open-center, èyí tí ọ́ìlì ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá nígbà tí a kò bá fọwọ́ kàn án, ó sì gbọ́dọ̀ ní ojú àbájáde tí wọ́n ń pè ní power beyond, kí ọ́ìlì lè máa lọ sí ibi tí ó ń lọ tẹ́lẹ̀. Fáàfù tí kò ní i lè dí ọ̀nà ọ́ìlì tí gíà fúnra rẹ̀ nílò. Ọ̀nà kejì ni kí a ṣe ètò tí ó dá dúró: pọ́ǹpù tirẹ̀, táńkì tirẹ̀ tí ó gba líítà 10 ó kéré tán, àti fíltà lójú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà padà. Èmi yóò yan èyí, owó tí ó fi ju àkọ́kọ́ lọ kò tó owó gíà.

Bí bẹ́líìtì ni yóò máa yí pọ́ǹpù, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù onígíà kéékèèké kò fẹ́ kí nǹkan máa fa ọ̀pá wọn sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí púlì wà lórí ọ̀pá tí ó ní bẹ́ríìnì tirẹ̀, kí a wá fi ìsopọ̀ onírọ́bà so ọ̀pá náà mọ́ pọ́ǹpù. Hóòsì tí pọ́ǹpù ń gbà fa ọ́ìlì láti inú táńkì gbọ́dọ̀ tóbi ju èyí tí ń gbé e jáde lọ, kí ó má sì gùn. Pọ́ǹpù tí ó ń ké bí ìgbà tí òkúta wà nínú rẹ̀ ń wá ọ́ìlì ni, kò rí i fà tó.

Fáàfù oníọwọ́ méjì ni a nílò, ọ̀kan fún apá, ọ̀kan fún garawa. Kí ọwọ́ tí ó wà fún apá ní ipò float, èyí tí ń jẹ́ kí garawa máa tẹ̀lé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá ń tún ojú ọ̀nà tẹ́ tàbí tí a ń kó yìnyín. Fáàfù relief, tí ń jẹ́ kí ọ́ìlì sá padà sí táńkì bí ìfúnpá bá pọ̀ jù, ni olùṣọ́ gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ so gééjì mọ́ ojú ọ̀nà ọ́ìlì, kí ẹ yí relief wálẹ̀, kí ẹ wá máa yí i gòkè díẹ̀díẹ̀ títí garawa yóò fi lè gbé iye tí ẹ ti ṣírò pé ẹsẹ̀ iwájú lè gbà, kí ẹ sì dúró síbẹ̀.

Bí hóòsì bá ń jò, ẹ má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tí ó ti ń jò láéláé. Ọ́ìlì tí ń jáde láti ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ lè gún awọ ara wọlé láìdunni púpọ̀, ó sì lè mú kí wọ́n gé ìka ẹni. Páálí ni kí ẹ fi wá a. Bí ó bá sì wọ ara ẹnìkan, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ ní wákàtí yẹn gan-an, bí ojú egbò náà tilẹ̀ kéré.

Garawa àti ìdánwò

Ohun tí a fẹ́ kó ni kí a fi wọn garawa. Garawa tí ó gba 100 líítà yóò gbé nǹkan bí 130 kílò iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, òkúta wẹ́wẹ́ yóò tó 160, iyẹ̀pẹ̀ tí òjò pa lè kọjá ibẹ̀, nígbà tí èèpo igi lílọ̀ tàbí yìnyín tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kò ní tó ìdajì rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ garawa ńlá fún yìnyín, kí ó ṣe é lọ́tọ̀, kí ó má sì fi bu òkúta.

Orí kọ́ńkéré tí ó tẹ́jú ni kí ìdánwò àkọ́kọ́ ti wáyé. Àpò kọ́ńkéré pípò tí wọ́n ń tà ní 80 pọ́ùn wọn nǹkan bí 36 kílò, nítorí náà àpò mẹ́rin kò jìnnà sí 150 wa. Ẹ fi ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ wà á lọ síwá sẹ́yìn, kí ẹ wo táyà ẹ̀yìn àti ọ̀pá táyà iwájú, kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Nígbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíràn dúró sí ẹ̀gbẹ́, kí ó jìnnà, kí ó máa wo bí ẹ̀yìn ṣe ń ṣe.

Lẹ́nu iṣẹ́, ẹrù níláti wà nísàlẹ̀, bí 30 sẹ̀ńtímítà sí ilẹ̀, títí a ó fi dé ibi tí a fẹ́ dà á sí. Sítíárìn, kí a máa yí i nígbà tí táyà bá ń yí, kì í ṣe nígbà tí katakata dúró pẹ̀lú garawa kíkún. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, garawa kíkún ni kí ó máa kọjú sí òkè: kí a wakọ̀ síwájú bí a bá ń gòkè, kí a padà sẹ́yìn bí a bá ń sọ̀kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ katakata ọgbà kò ní irin ìdáàbòbò tí ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìdojúdé. Lórí irú wọn, ẹ má ṣe fi bẹ́líìtì ìjókòó de ara yín, nítorí yóò so yín mọ́ ohun tí ó ń wólẹ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí márùn-ún iṣẹ́, ẹ tún gbogbo bóòtù férémù kejì fún, nítorí ọ̀dà àti ìpẹta tí ó wà láàárín irin máa ń wọ́, bóòtù a sì tú. Ẹ fi gíríìsì sí píìnì àárín àti gbogbo ìsopọ̀ apá. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ sọ garawa kalẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì mi ọwọ́ fáàfù méjèèjì síwá sẹ́yìn kí ìfúnpá tí ó kù nínú hóòsì lè jáde, kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ lórí ìjókòó.